Yàrá Tuntun Inú Géèmù Wa

Àdùkẹ́, gbọ́ àlá tí mo lá. Mo bá ara mi nínú apá kejì géèmù abanilẹ́rù tí èmi àti Lékan, àbúrò mi tó kú, jọ máa ń gbá. Ilé inú apá àkọ́kọ́ náà ni, iwin àtijọ́ náà sì yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo ti mọ̀. Mi ò tiẹ̀ mira. Ló bá jókòó, ó gbé orí ara rẹ̀ lé itan, ó ń ya irun rẹ̀, ó ní: "Bọ̀dá, ẹ̀rù mi ò bà yín mọ́ ni?"

Mo ní: "Gbogbo ọgbọ́n rẹ ni mo ti mọ̀."

Ó wá ṣí yàrá kan tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Lékan ló jókòó síbẹ̀, ó na páàdì géèmù sí mi: "Bọ̀dá, ó ti kàn yín."

Mo mọ̀ pé a kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òkú lójú àlá. Mo nawọ́.

Àdùkẹ́, kí ló dé tó o fi jí mi?