Èjìká Kọ́ọ̀tù

"Màmá, èjìká ọ̀tún ga ju ti òsì lọ!"

Ìyàwó ọmọ aránṣọ ló sọ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé kọ́ọ̀tù náà sókè lórí háńgà bí ẹni tó rí wúrà he. Láti ìgbà tó ti tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ dé láti òkèèrè ló ti ń kọ́ èdè ilé ọkọ, ó sì ti ń gbọ́ ọ dáadáa. Ìwà ilé ọkọ ló kù. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá rí àbùkù iṣẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ tó sì dákẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ni kọ́ọ̀tù náà wolẹ̀. Lórí àga ẹnu ọ̀nà, oníbàárà kejì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Rédíò, na ọrùn.

"Háà! Ìyá Aránṣọ, ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ yín kì í gba àtúnṣe?"

Iṣẹ́ náà kò gba àtúnṣe lóòótọ́. Èjìká ọ̀tún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló rẹlẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí aránṣọ ti ń fi fóòmù tó nípọn gbé e dọ́gba. Àwọn méjèèjì kò sọ ọ́ jáde rí, àní fún ara wọn pàápàá. Bí ó bá là á yé ìyàwó báyìí, òun á jàre. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, Rédíò á ti gbé èjìká ẹni ẹlẹ́ni kárí àdúgbò.

"Ọwọ́ mi ló ṣì," ni aránṣọ wí. "Ojú àgbà ni."

"Ojú àgbà kẹ̀! Ṣé ojú yìí náà ló máa rán tèmi? Ẹ fún mi láṣọ mi o, kí ẹ má lọ rán an ní apá mẹ́ta!"

Aránṣọ bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbóná.

"Ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wò," ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wí.

Ìyàwó bá a wọ̀ ọ́. Bó ti ń tẹ́ èjìká aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tẹ ọ̀tún, ó tẹ òsì. Nínú dígí, èjìká méjèèjì dọ́gba régé. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọ nù.

"Ẹ má bínú," ìyàwó yíjú sí Rédíò. "Èmi ni mo gbé e kọ́ wọ́. Ojú mi ni kò ríran."

"Ẹ yáa bá a ra awò ojú o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó pẹ̀lú. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọ kọ́ọ̀tù rẹ̀ jáde. Ó ní, "Ẹ ṣé o," kò sì sọ ẹni tí òun ń kí.

Aránṣọ bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀. Kò sí ọwọ́ mìíràn tó wọn oníbàárà rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

"Gbà, ìyàwó mi. Bá mi wọn àǹtí yìí."

Rédíò dìde, ó fa ikùn sínú, ó sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó rí i. Ó rọra dúró títí Rédíò fi mí síta, kó tó wọn ọ́n.