Ìkéde Tí Ọláwùmí Kò Tíì Kà

"Mọ́mì, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́."

Adéjọbí, mánéjà ilé rédíò, ló ń bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn àga Ọláwùmí, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà tó wà níwájú obìnrin náà. Ìkéde ikú Olóyè Adésànyà ti wà nínú kọ̀ǹpútà, Adéjọbí fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó ku kí Ọláwùmí fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan péré, ìkéde náà yóò sì bọ́ sórí fóònù tolórí-tẹlẹ́mù, òun náà yóò sì kà á lórí rédíò. Kò sí ẹlòmíràn tí kọ̀ǹpútà náà gbà kó rán ìkéde jáde àfi òun.

Ọláwùmí wo bọ́tìnnì náà, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan.

"Ẹbí wọn kò tíì wá," ló sọ.

Bí o bá ti gbé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ rí, kò sí bí o kò ṣe ní mọ ohùn Ọláwùmí. Láràárọ̀ ló máa ń ka ìkéde láti Òkìtìpupa níbí, àwọn tó ń bó gbáàgúdá ní Igbótako ń gbọ́ ọ, àwọn tó ń se epo ní Òde-Ayé ń gbọ́ ọ, ẹni tó ń jẹ púpurú lọ́wọ́ ní Àjàgbà yóò dá òkèlè dúró kí ó lè gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ewúrẹ́ tó sọnù, ìpàdé àwọn tó jọ ṣe ilé-ìwé, ìsìn ìdúpẹ́, ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ló ń kà, Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ló sì fi ń kà á, kì í ṣe èyí tí wọ́n bomi là. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, à ń fi í yangàn. Àwọn ìlú mìíràn ní pápákọ̀ òfurufú. Àwa ní Ọláwùmí.

Ọdún kejì rèé tí ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó tí wọ́n ń pè ní Kíámọ́sá ti ra ilé rédíò náà. Ọgbọ́n òwò wọn kò ṣòroó yé ènìyàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìròyìn jáde ló ni èrò, ẹni tó bá ni èrò ló ni ìpolówó, ẹni tó bá sì ti ni ìpolówó, kó káwọ́ gbera kó máa wo bí àwọn yòókù ṣe ń kógbá wọlé. A kò sì lè sọ pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní gáréèjì ti di ẹni tó ń ta káàdì fóònù. Ilé rédíò kan tí kò jìnnà sí wa ti di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, Kíámọ́sá náà ló fún wa ní ẹ̀rọ tuntun àti iná tí ń ti ara oòrùn wá, kò tún sí pé iná lọ, ìkéde dúró mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dí ni pé Kíámọ́sá ní ilé rédíò méjì lágbègbè yìí, wọ́n sì ti sọ pé ọ̀kan ló máa ṣẹ́kù lóṣù tó ń bọ̀. Èyí tó bá ń pẹ́ kó tó gbé ìròyìn jáde ni wọ́n máa tì. Motọ́lání, obìnrin tó ń darí ètò òwò wọn l'Ékòó, ló jẹ́ iṣẹ́ náà fún Adéjọbí: bí ó bá kan ti Òkìtìpupa, láti Èkó ni ìkéde yóò ti máa wá, ohùn ẹ̀rọ ni yóò máa kà á, Yorùbá tí wọ́n ń kọ́ nílé-ìwé ni yóò sì máa sọ. Èdè Ìkálẹ̀ yóò kúrò lórí afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ikú Olóyè Adésànyà wá jáde. Ta ni kò mọ Olóyè? Ilé ẹ̀rọ tó fi ń fún epo ní Igbótako ló rán ìdajì àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ sílé-ìwé. Ó ti ń ṣàìsàn ní ilé ìwòsàn kan l'Ákùúrẹ́. Obìnrin kan nínú ìjọ Aládùúrà tí Olóyè ń lọ ló kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù ìjọ pé kí wọ́n bá ẹbí Adésànyà gbàdúrà ìtùnú. Ọláwùmí alára wà nínú ìjọ náà, òun náà rí i. Kí ó tó ti ilé dé ibi iṣẹ́, àwòrán Olóyè pẹ̀lú àbẹ́là ti kún orí fóònù, àwọn kan tó ń gbé ìròyìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ìlú sì ti gbé e jáde.

"Gbogbo ayé ló ti gbọ́," ni Adéjọbí wí. "Kí la tún ń dúró dè? Bí kò bá dá yín lójú, ẹ jẹ́ ká pe ẹbí wọn."

"Kí n wá sọ pé kí ni? Pé ẹ káàárọ̀ o, ṣé lóòótọ́ ni bàbá yín kú?"

Adéjọbí tún wo fóònù rẹ̀. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, iṣẹ́ ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa, kì í sì í ṣe ènìyànkénìyàn. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Bí wọ́n bá ti ilé rédíò náà, kò mọ ibi tí yóò forí lé.

Ìlànà Ọláwùmí kò sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kankan. Ìkéde òkú kì í gba orí fóònù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ẹbí bá rán ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn wá, yóò jókòó síwájú rẹ̀, yóò sì sọ fún un pé gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ nínú ilé ti gbọ́. Ìgbà náà ni yóò tó kà á. Nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú, ọlọ́kadà kan ló kí i kú ọ̀fọ̀ lójú títì, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní títí òun yóò fi wọ ilẹ̀, òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn.

"Mánéjà," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ìyá Olóyè wà láyé."

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá tó bí Olóyè. Wọ́n wà ní Òde-Ayé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Wọn kò ní fóònù o. Rédíò ni wọ́n ní."

Níbi tí Adéjọbí dúró sí náà ni fóònù rẹ̀ ti dún. Motọ́lání ni. Ó ní òun rí i l'Ékòó pé ẹlòmíràn ti gba ìròyìn náà mọ́ wọn lọ́wọ́, òun kò sì mọ ohun tí Òkìtìpupa ń dúró dè. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní bí ohun tí wọ́n ń ṣe bá nìyí, wọ́n ti bá òun yan ilé rédíò tí òun máa tì.

Ẹ̀rù ba Ọláwùmí. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni òun tí òun yóò fi tìtorí ìyá arúgbó kan ṣoṣo pa èdè odidi ilẹ̀ kan lẹ́nu mọ́. Ó na ìka sí bọ́tìnnì náà. Ó wá fojú inú rí ìyá náà nìkan nínú yàrá, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dì í mú. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ṣí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó kí àwọn ará Àjàgbà kú ìpalẹ̀mọ́ ìkórè ìjọ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkéde ewúrẹ́ kan tó sọnù, ohùn rẹ̀ kò sì yẹ̀. Adéjọbí fi orí ti ara ògiri.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa kí mọ́tò kan tó yà wọ inú ọgbà ilé rédíò náà. Adéwùmí, àbúrò Olóyè, ló bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ pupa bo bàtà rẹ̀, àwọn obìnrin ẹbí tẹ̀ lé e. Ọláwùmí ti jáde pàdé wọn, ó kúnlẹ̀. Adéwùmí kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀.

"Òde-Ayé la ti ń bọ̀," ló wí nígbà tó jókòó tán. "Mọ́tò ló kọ̀ sí wa lọ́nà. Gbogbo ẹni tó ń pè láti kí wa lórí fóònù, ṣe ni àyà mi ń já. Mo ní ti fóònù kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, Màmá kò ní fóònù. Mo ní bí Ọláwùmí bá fi lè kà á báyìí, ó parí."

Ó nu ojú rẹ̀.

"Nígbà tí a wọlé, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ lò ń kí àwọn ará Àjàgbà níbẹ̀. Màmá wo ojú wa títí. Wọ́n ní, 'Ẹ yí Ọláwùmí wálẹ̀, kí n lè gbọ́ yín.'"

Omijé ń bọ́ lójú Ọláwùmí, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́.

"Ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ," ni Adéwùmí wí. "Mo di ọwọ́ wọn méjèèjì mú. Má dà á rò mọ́, ọmọ ìyá mi. O lè kà á báyìí."

Ẹnu ọ̀nà ni Adéjọbí wà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá náà pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fi ọwọ́ ìtùnú tọ́ wọn. Adéwùmí súre fún ọmọ jòjòló Adéjọbí. Ó wá sọ pé ètò ìsìnkú Olóyè, láti àìsùn títí dé ìdúpẹ́, ibí yìí ni ẹbí yóò gbé e wá, àwọn tó sáré gbé àwòrán ẹ̀gbọ́n òun kiri kò ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu àwọn.

Ọláwùmí bu omi sójú, ó wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì náà, ó sì ka ìkéde náà. Ó kà á bí wọ́n ṣe ń ka ti ẹni ńlá nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ó pe Olóyè lórúkọ, ó pe ilé rẹ̀, ó pe ìyá tó bí i. Ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n orí wa wú lọ́jọ́ náà, kódà àwa tó ń sunkún.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò yé kọ̀ǹpútà tí Kíámọ́sá fi ń ka èrò l'Ékòó. Ìròyìn tó ti wà lórí fóònù láti àárọ̀, tó yẹ kó ti ṣá, àsìkò yẹn ni èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ́ lọ bá a. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà ní Wárì, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ló ń wá ohùn Ọláwùmí, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Àwọn tó rí i láàárọ̀ kò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní Ọláwùmí kò tíì kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́, Motọ́lání tún pè, Adéjọbí sì ṣí ohùn fóònù síta kí Ọláwùmí náà lè gbọ́. Obìnrin náà fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe, nítorí òun kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

"A dúró ni, mà," ni Adéjọbí wí.

Ọláwùmí bojú wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì tú àṣírí rẹ̀.

Motọ́lání ní òun kò ṣèlérí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ títi ilé rédíò ṣì wà níwájú àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n òun máa fi èyí kún ìlànà iṣẹ́, kí ilé rédíò yòókù náà lè máa tẹ̀ lé e. Ó bi Ọláwùmí pé wákàtí mélòó ni kí òun kọ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa fi dúró.

"Ẹ má kọ wákàtí sí i, ọmọ mi," ni Ọláwùmí dáhùn. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé títí ìyá yóò fi gbọ́."

Wọ́n gbọ́ ìró ìka Motọ́lání lórí kọ̀ǹpútà láti Èkó, ó ń tẹ̀ ẹ́.