Àmì Tí Kò Sí Lórí Ọ̀rọ̀

Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí Àpọ́sítélì Oyètọ́lá ti wọ ọkọ̀ gbẹ̀yìn. Gbogbo Òkè-Àgbò ló mọ̀. Láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń sá kòkó sí etí títì, tí òórùn kíkan rẹ̀ yẹn bá gba àdúgbò kan, wọ́n á rí i tó ń ti oko bọ̀, àdá léjìká, eruku dé orúnkún. Àwọn ọlọ́kadà kì í tilẹ̀ fọn fèrè sí i mọ́. Wọ́n á kàn kígbe pé, "Àpọ́sítélì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ kú ìrìn o!" Òun náà á gbé ọwọ́ sókè, á súre fún wọn.

Ìran ló fà á. Ní Ọjọ́rú kan, Ìyá Ọláníkẹ́, aríran ìjọ wọn, bọ́ sínú Ẹ̀mí láàárín orin àti agogo. Ariwo pọ̀ débi pé Tóbilọ́ba akọ̀wé nìkan ló gbọ́ ohun tí màmá ń sọ, torí òun ló lóṣòó tì í, ìwé ìran lórí itan. Bí ìjọ náà ti ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé: aríran á sọ, akọ̀wé á kọ, olórí ìjọ á kà á sétí gbogbo èèyàn. Ẹni tí Ẹ̀mí bá gùn kì í rántí ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde, nítorí náà ohun tó bá ti wà nínú ìwé labẹ gé.

Tóbilọ́ba sì rèé, bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀ ló ṣe ń kọ̀wé. Kò sí àmì lórí, kò sí àmì nídìí. Ohun tó gbé lé Oyètọ́lá, olórí ìjọ, lọ́wọ́ ni: "Ki Oyetola ma se wo oko titi Emi yio fi tun soro."

Àpọ́sítélì wo ìwé náà. Ó lè jẹ́ ọkọ̀. Ó lè jẹ́ oko. Kòkó ń pọ́n lọ́wọ́ nígbà náà, oko yẹn ló sì fi tọ́ ọmọ, òun náà ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Ọkọ̀ wá ńkọ́? Ibo ló ń lọ? Ó la ẹnu, ó kà á: "Kí Oyètọ́lá má ṣe wọ ọkọ̀."

Ìjọ ní, "Àmín!"

Bó ṣe dòfin nìyẹn. Àwọn àgbà ìjọ tilẹ̀ jókòó lé e lórí bóyá ọ̀kadà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá ti ní táyà, ọkọ̀ ni, ìbáà ṣe bárò. Àpọ́sítélì gbà. Nígbà tí Adétòkunbọ̀ dírẹ́bà sì gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí ìran ní kó sinmi fún ọjọ́ méje, Àpọ́sítélì fúnra rẹ̀ ló lé e kúrò nínú ìjọ. "Bàbá, ebi ò gbọ́ ìran," lohun tí Adétòkunbọ̀ wí. Àpọ́sítélì ní, "Wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé mo kú?"

Àfìgbà tí fóònù dún ní Sátidé kan. Ànúolúwa ni, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní Abigi.

"Bàbá mi, mo ti bí! Ọkùnrin ni!"

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá ọmọ yẹn. Àpọ́sítélì kúnlẹ̀ síbi tó wà.

"Sátidé tó ń bọ̀ la máa sọ ọ́ lórúkọ. Mùbàṣírù ọkọ mi ní àáfà á ṣe tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbé ọmọ. Bàbá, ẹ ò wá síbi ìgbéyàwó mi torí pé mùsùlùmí ló fẹ́ mi. Mo gbà. Tẹ́ ò bá wá báyìí, ẹ má wulẹ̀ pè mí mọ́."

"Màá wá," ló sọ. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí ara rẹ̀.

Oorun dá lójú rẹ̀. Abigi kì í ṣe Orù ìtòsí téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìsìn, ó pe àwọn àgbà sínú yàrá àdúrà.

"Ìran tèmi yẹn," ó ní, "ó lè jẹ́ oko."

Tóbilọ́ba wo ìwé, ó tún un wò. "Bàbá, ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́ o. Ìran mẹ́tàlélógún ni mo kọ lọ́jọ́ náà, n ò lè rántí ìkankan."

"Àbí 'má ṣe wo ọkọ' ni?" Ìyá Ọláníkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Kó má lọ jẹ́ èmi ni wọ́n ń bá wí, torí bàbá ilé wa ò tiẹ̀ ṣeé wò mọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

"Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kà á?" Tóbilọ́ba ló bi í.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀," ni Ìyá Ọláníkẹ́ wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ẹ sì lé ọmọ ọlọ́mọ."

Wọ́n ní kó bọ́ síta ná. Ìgbà tí wọ́n pè é padà, Tóbilọ́ba ò wo ojú rẹ̀. "A ò mọ èyí tí Olúwa ní lọ́kàn, Bàbá. Ká má baà ṣẹ̀, ẹ má wọ ọkọ̀, ẹ má sì wọ oko."

Ọ̀nà kan ló wá là. Méjì ló dí mọ́ ọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ká aṣọ àdúrà rẹ̀ sínú àpò, ó fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà. Ìwé ò kúkú ka ìrìn léèwọ̀. Ó kọjá Orù. Nígbà tó fi dé Àwà, oòrùn ti wà ní àtàrí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wú bí iṣu. Ó jókòó sí etí títì. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ó ka ibi tó kù nínú orí rẹ̀, ìlú lẹ́yìn ìlú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì kan dúró. Adétòkunbọ̀ yọrí.

"Bàbá, ẹ wọlé."

"O mọ ohun tí ìwé wí."

"Ẹ wò ó dáadáa. Èyí kì í ṣe ọkọ̀. Ọlọ́pàá tó dá mi dúró lánàá ní páànù tó ń rìn ni."

Ẹ̀rín já mọ́ Àpọ́sítélì lẹ́nu. "Adétòkunbọ̀, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Inú páànù la ti máa parí ẹ̀."

Ó wọlé. Gbogbo ọ̀nà ló di àga mú. Tírélà kan bá yọ, á pa ojú dé. Kòtò kan bá gbé wọn, á pe Jésù. Adétòkunbọ̀ ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Àfi bí ẹni pé ìwé ìran náà wà lórí itan rẹ̀ dé Abigi.

Ohunkóhun ò ṣe é. Ní Sátidé ó gbé ọmọ. Àáfà pè é ní Khalilullah, òun pè é ní Ọlátúbọ̀sún, Ànúolúwa sì sunkún sí i léjìká.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí fóònù rẹ̀ han. Tóbilọ́ba ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Baba, a ti gbo pe e wo oko. Awon agba ti pari ipade. E ma bo."

Ẹ máa bọ̀? Ìyẹn ni pé ìwé ń dúró dè é, pẹ̀lú kòkó tó ń rà lórí igi tí kò ní lè fọwọ́ kàn. Ẹ má bọ̀? Ìjọ tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Ó pe Tóbilọ́ba lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e.

"Bàbá, ta ni?" Ànúolúwa ti yọ sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ láyà. "Kí ni wọ́n wí?"

Ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, èyí tó wù ú ló kà. Ó wá inú ara rẹ̀ títí fún èyí tó wù ú lónìí, kò rí i.

Ó na fóònù sí i. "Ìwọ bá mi kà á," ó ní. "Bó bá ṣe bọ́ sí ẹ lẹ́nu."