Màmá Fọ Ìwọ́ Ọmọ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ń jẹun gbé ṣíbí sílẹ̀ ná, torí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Obìnrin kan wà tí gbogbo ọsibítù ń pè ní Àǹtí Kúlà, torí kò síbi tó ń lọ tí kúlà ò ní wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwọ́ ọmọ tuntun táwọn èèyàn fẹ́ sọ nù ló máa ń gbà, á wá yọ sẹ́ẹ̀lì tó lè di awọ tuntun nínú ẹ̀. Àní nǹkan tí wọ́n fẹ́ jù nù o!

Ọkùnrin wẹ́dà kan, tó ń jó irin mọ́rin, wá wà tí ìyàwó ẹ̀ lóyún. Iná ti jó wẹ́dà yìí lọ́wọ́ ọ̀tún, egbò ọ̀hún kọ̀ kò jinná. Dókítà ní bí sẹ́ẹ̀lì ìwọ́ ọmọ ẹ̀ ò bá ràn án lọ́wọ́, àfi kí wọ́n gé ọwọ́ yẹn.

Bí ọmọ ṣe ké báyìí, Àǹtí sáré wọlé. Ó bá ìwọ́ nínú abọ́, ó funfun báláú, ó ń ta sánsán.

"Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni o!" Ìyá wẹ́dà ló dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọṣẹ olóòórùn ni mo fi fọ̀ ọ́. Ṣé kí n gbé nǹkan ẹlẹ́jẹ̀ fún dókítà ni? Wọ́n á ní ọ̀bùn ni wá."

"Ẹ ṣé, Mà." Àǹtí yára gbé e sínú kúlà. Ọṣẹ máa ń pa sẹ́ẹ̀lì.

Ní yàrá iṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ gbóòórùn ẹ̀. "Ẹ ò kúkú fi lọ́fíńdà sí i? Ẹ dà á nù jàre."

Àǹtí ò dà á nù. Ó ní ara òde lọṣẹ kàn. Ó gé orí méjèèjì kúrò, ó fi omi iyọ̀ ṣàn án, ó la awọ ẹ̀, ó fa iṣan ẹ̀jẹ̀ jáde, ó wá gé nǹkan rírọ̀ bíi jẹ́lì tó wà láàárín wẹ́wẹ́. Ó tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń móoru bí ara èèyàn. Àràárọ̀ ló ń yọjú wò ó. Kò sí nǹkan kan. Ó tún wò ó. Kò sí nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló fi awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi wò ó, ló bá figbe ta. Sẹ́ẹ̀lì ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́, wọ́n gùn tín-ín-rín bí òwú. Wọ́n wà láàyè!

Wọ́n fi wọ́n sójú egbò. Díẹ̀díẹ̀, egbò bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé. Lọ́jọ́ tí ìyàwó àti ìyá ẹ̀ wá mú wẹ́dà lọ́sibítù, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi gbé ọmọ ẹ̀ lọ sílé.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde, Màmá dúró láàárín àwọn aboyún tó wá gbàtọ́jú, ó ń gbéra ga lójú ọmọ àti ìyàwó ọmọ ẹ̀. "Ọṣẹ mi ló ṣe é o! Ẹ fọ ti yín dáadáa!" Gbogbo aboyún ń mi orí pé àwọn náà á fọ̀ ọ́.

Àǹtí Kúlà dúró, kúlà lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá yẹn?