Ẹni Tó Fi Àyà Já Okùn

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí Àlàájà Ràúdátù lọ nígbà èwe rẹ̀ fẹ́ ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún, àwọn tó ti jáde níbẹ̀ sì ń kọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ náà láti fi tẹ ìwé. Nígbà tí wọ́n kà á sókè ní ìpàdé, Ràúdátù gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn kò gba ife kankan rí nínú eré sísá. Ó dìde.

"Irọ́ ni," ló wí. "A gba ife lọ́dún 1979, nínú eré ìje àwọn ilé ẹ̀kọ́. Àwa mẹ́rin la sá a, tí à ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wa. Èmi ni mo sá ìkẹyìn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ràúdátù ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sanra, orúnkún ọ̀tún sì ń dùn ún débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gun àtẹ̀gùn. Bilkisu, akọ̀wé ẹgbẹ́, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní, "Àǹtí, n ò bá yín jiyàn. Àmọ́ ife ò sí, àkọsílẹ̀ ò sí. Ẹ mú ẹ̀rí wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká gbé ìwé lọ fún atẹ̀wé."

Ẹ̀rí wo? Nínú àwọn mẹ́rin, méjì ti ṣaláìsí, ẹ̀kẹta sì ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Ìjì ti ká òrùlé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà kan, ife náà bá a lọ. Ràúdátù fúnra rẹ̀ kò ní fọ́tò kan ṣoṣo. Bàbá rẹ̀, Àhmádù, tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára fìlà, kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin máa sáré níwájú èrò. Láàárọ̀ ọjọ́ eré náà, ó ní, "Bó o bá fẹ́ lọ, lọ. Má ṣáà sọ fún mi." Ó lọ, ó borí, ó padà sílé, kò sọ fún un. Bàbá náà ò sì béèrè títí ó fi kú. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn Ràúdátù bí ẹ̀gún.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Tanke, sílé Màmá Ìyábọ̀dé, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó kọ́ wọn ní eré ìdárayá nígbà náà. Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

"Ṣé ẹ rántí mi, Mà?"

"Ràúdátù ẹlẹ́sẹ̀ gígùn! Ta ló máa gbàgbé ẹ?"

Nígbà tí Màmá gbọ́ ohun tó gbé e wá, ó wọ yàrá, ó sì gbé agolo bisikíìtì ńlá kan jáde. Síláìdì ló kún inú rẹ̀: àwọn fíìmù kéékèèké tí wọ́n fi páálí ká, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tàn sára ògiri láyé ọjọ́un.

"Èmi ni mo yà wọ́n," ni Màmá wí. "Ẹ̀rọ tí mo fi ń wò wọ́n ti kú tipẹ́. N ò mọ ohun tó ṣẹ́ kù nínú wọn mọ́. Máa gbé e lọ."

Ràúdátù gbé e lọ sí Táíwò Road. Ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò àkọ́kọ́, wọ́n gbé síláìdì kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ti bu bí búrẹ́dì tó pẹ́. "Eléyìí ti kú, Mà," ni wọ́n wí. Ní ìkejì, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ní ìkẹta, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Naeem ní òun ò lè ṣe é, àmọ́ òun gbọ́ pé àwọn sìkánà kan wà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń ṣe é. Ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀, Ràúdátù sì ra ọ̀kan.

Nílé rẹ̀ ní àdúgbò Basin, ó gbé sìkánà náà sórí tábìlì ìjẹun, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fi fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ dán an wò. Ó jáde kedere. Ó fi síláìdì sí i. Dúdú bí èédú. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, dúdú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, dúdú ni.

"Ìyáa Hamzah," ni Mọ̀múdù ọkọ rẹ̀ pè é, "ṣé kí n bá ẹ dá a padà fún wọn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Olùkọ́ ìṣirò ni Ràúdátù, ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe é, kì í sá fún ìbéèrè. Ó jókòó, ó rò ó. Fọ́tò orí páálí, ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e la fi ń rí i. Síláìdì ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá ni. Èyí ni pé iná gbọ́dọ̀ ti òkè wá! Ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Pátákó funfun pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀. Ó ti èékánná bọ etí rẹ̀, ó fà á, pátákó náà sì yọ wẹ́rẹ́. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà kékeré kan sì ń fì lẹ́yìn ìdérí tí ẹnikẹ́ni ò kì bọ ojú ihò rẹ̀. Ó kì wáyà náà bọ ihò. Iná tàn.

"Allāhu Akbar!" Igbe náà pọ̀ débi pé Mọ̀múdù sáré jáde, omi àlùwàlá ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, tábìlì ìjẹun di ibi iṣẹ́. Ràúdátù ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá èérí kúrò, ó ń fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun nímú ọmọ ìkókó fẹ́ eruku dànù, ó wá ń tò wọ́n sórí gíláàsì ní mẹ́rin mẹ́rin. Bí iná bá lọ, á dúró tì í. Àwọn àwòrán náà ti pọ́n kọjá ààlà, ṣùgbọ́n ó kọ́ bí a ṣe ń dín pupa kù, ni aṣọ ilé ẹ̀kọ́ bá padà di àwọ̀ ewé, ni ojú ọ̀run bá padà wá. Ó rí àwọn olùkọ́ tó ti gbàgbé. Ó rí ara wọn níbi tí wọ́n ti ń roko.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, láàárọ̀ Sátidé, síláìdì kọkànlélọ́gọ́ta yọ sójú kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, orí rẹ̀ dojú kọ ọ̀run, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, okùn òpin eré ìje lórí àyà rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ṣì wà lẹ́yìn níbi ẹsẹ̀ mẹ́rin. Pátákó tí wọ́n kọ ọdún 1979 sí dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ràúdátù ní kí ẹ̀rọ náà tún un yà, kó rọra lọ, kó má fo ohunkóhun. Ó wá ń fẹ àwòrán náà lójú kó lè rí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ọkùnrin kan láàárín èrò, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, tó la ẹnu gbàgà. Ó tún un fẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbáa Hamzah, ẹ wá wo èyí. Ta nìyí?"

Mọ̀múdù wọ awò ojú rẹ̀. "Àna mi nìyí! Bàbá Àhmádù ni! Kí ni wọ́n ń pariwo báyìí?"

"Orúkọ mi," ni Ràúdátù wí. "Orúkọ mi ni wọ́n ń pè." Ó bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Bilkisu. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù fi dún.

"Àǹtí, wàláhì, ojú tì wá. Ẹ̀yìn ìwé ni a máa gbé e sí ni? Rárá o, iwájú ni! Ẹ ka orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi, ẹ kà á díẹ̀díẹ̀, mò ń kọ ọ́."

Ràúdátù kà wọ́n. Nígbà tó dé orí àwọn méjì tó ti kú, ó tún wọn pè sókè.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n fẹ àwòrán náà tóbi bí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní ìpàdé wá ń tò láti bá Ràúdátù ya fọ́tò nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti lọ gbé Màmá Ìyábọ̀dé láti Tanke, wọ́n sì fi í jókòó níwájú. Màmá wo àwòrán náà pẹ́ títí. Ó wá kọjú sí Ràúdátù.

"Ràúdátù, mo sọ fún ẹ pé kó o má máa gbé ìgúnpá òsì sókè bẹ́ẹ̀ yẹn!"

"Ẹ má bínú, Mà," ni Ràúdátù dáhùn. "Ṣùgbọ́n a borí."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. "A borí!" ló wí, gbọ̀ngàn náà sì hó yèè.