Ọwọ́ Tó Tẹ́ Ọ̀nà Ìsánlú

Boaz ti rìtáyà, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún ẹsẹ̀ ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, ẹsẹ̀ á ti wọ bàtà róbà, á gbé e jáde síwájú ilé, á sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Katapílà ló ń retí. Àtìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti ń wa katapílà fún ìjọba, èyí tó ní abẹ gígùn lábẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú ọ̀nà. Ọ̀nà tó ti Kabba lọ sí Ìsánlú, kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i, òun ló tẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá jọ wọ mọ́tò gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ò ní lè sùn. Á máa nawọ́ jáde lójú fèrèsé. Ibí yìí, òkúta ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibọ̀hún yẹn, omi ló máa ń jẹ ẹ́, òun ló kọ́ omi náà lọ́gbọ́n.

Nígbà tí kò wá sí ọ̀nà tó máa tẹ́ mọ́, ó dojú kọ ilé. Ó fi ṣọ́bìrì tẹ́ iwájú ilé títí ó fi dán bíi tábìlì. Ó gbẹ́ gọ́tà tẹ́nì kankan ò bẹ̀ ẹ́ pé kó gbẹ́. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ báyìí, gọ́tà kó gbogbo omi àdúgbò, ó dà á sí kíṣìnnì Rhoda, obìnrin opó tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìkòkò ọbẹ̀ ń léfòó kiri. Rhoda ò bú u o. Ó kàn yọjú láti ẹ̀yìn ògiri, ó kí i pé okun o, bí wọ́n ṣe ń kíra lọ́dọ̀ wọn, ó wá ní, bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò máa sùn lọ́sàn-án bíi tàwọn ẹgbẹ́ yín.

Rachel, ìyàwó ẹ̀, ní tiẹ̀, iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń hun kíjìpá, aṣọ tó nípọn yẹn, lórí òfì tó dúró gbọọrọ, tí wọ́n fi ti ògiri lẹ́yìn ilé. Ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Boaz á lọ dúró tì í, á máa wò ó, á ní ṣé òwú yìí ò ti fẹ́ já báyìí, ṣé kò yẹ kó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún díẹ̀ sí i. Rachel á gbójú sókè, á ní ojú ẹ̀ ti ń wúwo lára òun, kó jọ̀ọ́ wábì kan lọ.

Èyí tó wá dùn ún jù ni ti ọjọ́ tó pàdé ọ̀gá ẹ̀ àtijọ́ ní ìkóríta. Ọ̀gá kí i tayọ̀tayọ̀, ó bi í pé kí ló ń ṣe báyìí. Boaz ní, "Mo wà ńlé, sà." Ọ̀gá ní ó dáa, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ "mo wà ńlé" yẹn bá Boaz délé, ó bá a jókòó ti iyán, kò jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà ọyẹ́ nìyẹn. Fẹ́rànmí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ti mú Olúṣèyí ọmọ Ìsánlú wá hàn wọ́n, wọ́n sì ti fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn Àjíǹde. Rachel wá ti ta òwú kíjìpá ọmọ ẹ̀ sórí òfì. Ìlà dúdú àti pupa, pẹ̀lú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí aṣọ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nílé àwọn Rachel, ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ lọ sílé ọkọ láìsí kíjìpá kan tí wọ́n hun nínú ilé tí wọ́n ti bí i. Ẹ ò lè rà á lọ́jà. Ẹ ò lè bẹ aládùúgbò pé kó bá yín hun ún. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́, àgbà obìnrin ilé á fi ìka tọ etí aṣọ náà láti ìsàlẹ̀ dókè níwájú gbogbo èèyàn, á sì pe orúkọ ẹni tó hun ún. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀, òun ló máa fi aṣọ náà bo ọmọ léjìká. Bí wọ́n ṣe ṣe fún Rachel nìyẹn, bí wọ́n ṣe ṣe fún ìyá ẹ̀ náà nìyẹn.

Aṣọ ò tíì dé ìdajì tí ọ̀kadà fi gbé Rachel ṣubú lójú ọ̀nà ọjà. Ọwọ́ ọ̀tún ló dá. Ní ọsibítù, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì í láti ìka dé ìgúnpá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi gbé abẹ́rẹ́ pàápàá.

Fẹ́rànmí pè lórí fóònù, ó ní kí màmá fi ọ̀rọ̀ aṣọ sílẹ̀, òun máa ra èyí tó jọ ọ́ ní Lọ́kọ́ja, ta ló fẹ́ mọ̀. Rachel ní ó dáa. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó síwájú òfì, ó sì ń sunkún láìfọhùn. Boaz dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń bára wọn bọ̀, òkú ìyá ẹ̀ nìkan ló ti rí i kó sun irú ẹkún yẹn fún.

Ó lọ bọ́ bàtà róbà. Ó fọ ọwọ́ méjèèjì. Ó padà wá, ó ní, "Sún díẹ̀."

Rachel ní, "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Wọ́n ní inú ilé tí wọ́n ti bí i ni kí wọ́n ti hun ún. Ṣé kì í ṣe inú ilé ni mo wà ni?"

"Bàbá Fẹ́rànmí, ọkùnrin kì í jókòó sídìí òfì yìí."

"Wọ́n kọ ọ́ síbì kankan ni? Ọwọ́ tó kù nínú ilé yìí nìyí, Rachel. Tó o bá ní o ò fẹ́ ẹ, ká lọ ra ti Lọ́kọ́ja."

Rachel wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ ọ̀hún tóbi, àtẹ́lẹwọ́ le bí awọ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tomijé-tomijé. Ó sún.

Ó kọ́ ọ bó ṣe máa la òwú sí méjì, bó ṣe máa ti igi tí wọ́n ká òwú mọ́ gba àárín ẹ̀ kọjá, bó ṣe máa wá fi apasa, igi pẹlẹbẹ tó dán yẹn, gbá a wálẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀. Boaz ní gbogbo ẹ̀ náà nìyí? Ó ní ó ti yé òun. Bí Rachel bá ti gbójú kúrò, ó ti ṣe àṣìṣe. Bó bá ti gbójú padà, ó ti ń ṣe bí ẹni pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Wọ́n fi páànù bo iwájú ibẹ̀ kẹ́nì kankan má bàa rí i, torí Boaz ní bí àwọn ọkùnrin ìlú yìí bá gbọ́, òun ò ní gbádùn mọ́. Tẹ́nì kan bá ti kan géètì báyìí, á fò dìde, á mú ṣọ́bìrì dání. Rhoda ń gbọ́ apasa lẹ́yìn ògiri, pó, pó, pó, ó sì ń kí Rachel pé ó kú akin, pé obìnrin tó fi ọwọ́ tó dá hunṣọ, irú ẹ̀ ò pọ̀ láyé. Rachel á dáhùn pé ẹ ṣeun. Boaz á wo ilẹ̀. Ó fẹ́ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ nǹkan kan ń ta á lọ́kàn díẹ̀ níbẹ̀, pé wọ́n ń kí ọwọ́ òun, wọn ò sì mọ̀.

Rachel wá lọ sí Lọ́kọ́ja lọ́dọ̀ Fẹ́rànmí fún ìtọ́jú ọwọ́, ó sì lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀. Boaz ní àsìkò tòun dé wàyí. Ó jókòó tì í láàárọ̀, ó jókòó tì í lọ́sàn-án. Ó ń gbá apasa bí ẹni tó ń ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń fa òwú kó le dáadáa, torí lọ́dọ̀ tiẹ̀, ohun tó bá le ló ń pẹ́. Nígbà tí Rachel fi máa dé, aṣọ ti gòkè gan-an. Boaz dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó gba ipò kìíní.

Rachel wo aṣọ. Ó wò ó títí.

"Ṣé aṣọ lò ń hun ni àbí ọ̀nà lò ń tẹ́?"

Òun náà wá wò ó dáadáa. Bó ṣe ń fa òwú ló ń fa etí aṣọ wọlé, lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí Rachel hun fẹ̀, tiẹ̀ ń fún lọ sókè. Aṣọ ti yọ ìbàdí. Ó sì gan bíi tapólì. Rachel ní kó tú u, gbogbo ẹ̀, títí dé ibi tọ́wọ́ tòun dúró.

Inú bí Boaz. Ó ní òun ò tú nǹkan kan. Ó wọ bàtà, ó jáde, ó kọrí sídìí igi kaṣú níbi táwọn tó ti rìtáyà ti máa ń ta dìráfùtì. Délé, ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti kékeré, tíṣà tẹ́lẹ̀, ló ń ṣe bí ọba ibẹ̀. Délé rí i, ó pariwo pé katapílà ti dé o, kí wọ́n ṣí lọ́nà. Ó nu bẹ́ǹṣì kan fún un.

"Ìjókòó ẹ rèé. A ti ń fi í pa mọ́ dè ọ́. Jókòó, ká jọ máa retí."

Boaz ní, "Retí kí ni?"

"Oúnjẹ ọ̀sán. Tá a bá jẹ ìyẹn tán, ká máa retí tálẹ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Boaz náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó wo bẹ́ǹṣì yẹn, ó rí i pé ojú ẹ̀ ti jẹ wọlé, ó ti gba ìdí èèyàn sára. Ó ní òun ń bọ̀. Ó yí padà, ó lọ sílé, ó jókòó síwájú òfì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ibi tó ti ń tú u lọ́rọ̀ ti yé e. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ́ ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ máa tẹ abẹ mọ́lẹ̀. Ìgbà tó kẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dán, ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ máa gbé e sókè díẹ̀, ẹ máa jẹ́ kó kàn fara kan ilẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Boaz mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n máa ń wá a wá láti Odò-Ẹrẹ̀ torí ẹ̀. Ó wá gbé apasa, ó dẹ ọwọ́, ó jẹ́ kí òwú sùn kó tó gbá a. Rachel ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé lọ gbé omi mímu wá fún un, ohun tí kì í ṣe fún katapílà rí.

Bí aṣọ ṣe parí nìyẹn, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ọjọ́ tí wọ́n gé e lórí òfì, Boaz bẹ Rachel pé kó sọ fún wọn pé ọwọ́ Rachel nìkan ló hun gbogbo ẹ̀. Rachel ní irọ́ ńkọ́? Boaz ní kì í ṣe irọ́, ṣebí Rachel ló kọ́ òun. Rachel ká aṣọ náà, ó gbé e wọlé.

Ọjọ́ pé. Àwọn ará Ìsánlú kún iwájú ilé, iwájú ilé tí Boaz tẹ́ yẹn, gbogbo ìjókòó dúró ṣinṣin, wọ́n ń yìn ín. Wọ́n gbé kíjìpá wá fún Màmá Yéjídé, àǹtí bàbá Rachel, tójú ẹ̀ ò ríran mọ́ dáadáa. Ojú ò ríran, àmọ́ ìka ẹ̀ ń ríran. Ìka bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè. Màmá ń mi orí, ó ń pe orúkọ Rachel wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tó dé àárín, ìka dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún gòkè.

"Rachel dúró síbí. Ọwọ́ ta ló wà lókè yìí?"

Ìyá Olúṣèyí gbọ́rùn sókè. Bí Màmá bá sọ pé wọ́n gbé aṣọ fún ará ìta hun, kò ní sí ẹni tó máa fi bo Fẹ́rànmí. Rachel wo Boaz. Kò ní kó sọ ọ́, kò ní kó má sọ ọ́. Àárín àwọn ọkùnrin ni Boaz jókòó sí, Délé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó rí ojú ọmọ ẹ̀.

Ó dìde.

"Ọwọ́ mi ni, Màmá."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lápá ibi táwọn ọkùnrin wà. Màmá Yéjídé gbé orí síbẹ̀, ẹ̀rín ọ̀hún kú. Ó ní kí wọ́n bá òun ká aṣọ náà sí méjì, kí wọ́n gbé ibi tí Boaz hun lé ibi tí Rachel hun. Ó fi ìka tọ etí méjèèjì. Wọ́n bára wọn mu. Ó tún tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán.

Ó ní, "Etí ẹ̀ gún. Níbo lo ti kọ́ ọ?"

Boaz ní, "Lójú ọ̀nà Ìsánlú, Màmá. Lẹ́yìn náà lọ́wọ́ ọmọ yín."

Màmá gbé ohùn sókè kí ará Ìsánlú lè gbọ́. Ó ní, Fẹ́rànmí, Rachel ìyá ẹ ló bẹ̀rẹ̀ aṣọ ẹ, Boaz bàbá ẹ ló parí ẹ̀, inú ilé tí wọ́n ti bí ẹ ló ti wá. Wọ́n bá pe àwọn méjèèjì. Ọwọ́ Rachel ò tíì le, Boaz ló di apá kejì mú. Wọ́n jọ fi bo ọmọ léjìká, Fẹ́rànmí sì sunkún títí àtíkè fi bà jẹ́ lójú ẹ̀. Rhoda ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, pé gbígbá yẹn le jù fún ọwọ́ obìnrin. Nígbà tó yá ni Délé bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Boaz, ó ní òfì ìyá òun ṣì wà lókè àjà, ṣé ikán ò tíì jẹ ẹ́ báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó pàdé ọ̀gá ẹ̀ ní ìkóríta kan náà. Ọ̀gá kí i, ó tún bi í pé kí ló ń ṣe báyìí.

"Mo ń hunṣọ, sà. Ìyá àna mi ti ránṣẹ́ láti Ìsánlú, ó fẹ́ ká wá kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ kí wọ́n lè hun tiwọn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín gan-an, ó rò pé àwàdà ni. Boaz ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọ̀gá lọ́wọ́ mú, ó mú un délé, ó mú un dé ẹ̀yìn ilé níbi tí kò ti sí páànù mọ́, ó ní kó jọ̀ọ́, kó fi ìka tọ etí aṣọ tó wà lórí òfì.