Bí Ẹni Fa Aṣọ Ya

Obìnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Tíṣà Kò-Gba-Gbẹ̀rẹ́, ni dókítà bi ní ìbéèrè kan ṣoṣo láàárọ̀ ọjọ́ náà: irú ìrora wo ló ń ṣe bàbá rẹ̀ láyà?

"Ache," ni Tíṣà dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà já gaara lẹ́nu rẹ̀.

Ríro lásán nìyẹn, irú èyí tó ń ṣe ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Dókítà, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ jókòó, ó máa kàn wọ́n. Èrò tó wà ní yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà sì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Bàbá, télọ̀ àgbà, di àga mú gírí. "Ọmọ mi, mi ò sọ pé ó ń ro mí o. Mo ní ó dà bí ẹni fa aṣọ ya."

"Bàbá, ohun tí mo sọ fún wọn náà nìyẹn."

Kì í ṣe pé ó purọ́. Ó rò pé ọ̀kan náà ni. Ìṣòro àwa tá a kàwé nìyẹn, a ti máa ń dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Obìnrin kan ń nu ilẹ̀ nítòsí. Ìyá Onímọ́ọ̀pù ni gbogbo ọsibítù mọ̀ ọ́n sí. Ó fi mọ́ọ̀pù ti ògiri, ó lóṣòó síwájú bàbá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ṣé ó ń ro yín ni, àbí ó ń ta yín, àbí ó ń gún yín?"

"Kò sí nínú wọn. Ó ń ya, láti àyà dé ẹ̀yìn. Mo kàn ń wọ bàtà ni, ó bá dédé bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Onímọ́ọ̀pù ò bẹ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé tọ dókítà lọ. Gẹ̀ẹ́sì tó sọ, irú èyí tí Tíṣà máa ń fi bírò pupa fà nídìí ni. "Doctor, not ache. Not burning. Tearing. Chest to back. Sudden!" Ó fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni ń ya aṣọ.

Dókítà ju bírò sílẹ̀. Kíá, wọ́n ti gbé bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, eré ni wọ́n sá. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn ló ń ya, gẹ́lẹ́ bí bàbá ṣe wí. Wọ́n rí i rán. Dókítà ní ká ní wọ́n fi wákàtí kan jókòó sí i ni, ẹ̀pa ì bá má bóró mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Tíṣà wá Ìyá Onímọ́ọ̀pù lọ. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Mà, níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Níbí náà ni. Ọkọ mi ní àyà ń gún òun, mo ní 'ache', torí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo mọ̀. Wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a." Ó fún mọ́ọ̀pù sínú báàkẹ́ẹ̀tì. "Látìgbà náà, tí dókítà bá ti ń bi aláìsàn léèrè, ibẹ̀ ni mo ti máa ń rọra nulẹ̀."

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi nu ilẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀mọ̀wé pọ̀ láyé, àmọ́ Tíṣà ò tíì rí irú èyí rí.

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ìyá Onímọ́ọ̀pù yára dì í lápá mú.

"Dìde jàre, ilẹ̀ ò tíì gbẹ."